Ihò Ara Igi àti Ohun tí A Fi Ń Dí I

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó rí yóò ti kọjá ní Ọ̀wẹnà, ní ilẹ̀ Ìdànrè, níbi tí ọ̀nà ti gba orí odò kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ odò náà ju bí wọ́n ti mọ ìlú lọ. Wọ́n ti fi sọ báǹkì lórúkọ rí, wọ́n fi sọ ilé ìtura lórúkọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àwọn àjọ tí ń bójú tó odò sílẹ̀ ní 1976, Benin àti Ọ̀wẹnà ni wọ́n so pọ̀ fún orúkọ àjọ tí ó kan agbègbè wa. Kòkó ni ilẹ̀ ibẹ̀ fi lókìkí. Ní ti èmi, ilẹ̀kùn ni ó dá mi dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà ni kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ìyá wa papò dà, ẹbí ti dá ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n sì ti tẹ káàdì ìpè, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wo iwájú ilé, tí wọ́n ní a kò lè gbé òkú ìyá gba irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà, òjò sì ti ba òkè rẹ̀ jẹ́. Gbogbo àwa ọmọ dá owó, èmi tí mo ń gbé Àkúrẹ́ ni wọ́n sì yàn láti wá ilẹ̀kùn tuntun. Mo mọ bàbá káfíńtà kan ní Ọ̀wẹnà tí pákó ìrókò gbígbẹ kì í wọ́n lábẹ́ àtíbàbà wọn. Mo lọ bá bàbá náà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti bàbá nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa wá ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò sá sí. Wọ́n lo ìfági, lẹ́yìn náà wọ́n fi sáńpépà fa pákó náà títí ó fi ń jọ̀lọ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Bàbá ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n wo ojú igi náà lòdì sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà náà ni mo rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilà tín-ín-rín, bí ìgbà tí ènìyàn fi orí abẹ́rẹ́ ha ojú igi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ kòtò kékeré.

“Ẹnu tí igi fi ń mumi nìyẹn, Tíṣà,” ni bàbá wí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Igi tí ó dúró nínú igbó ní àwọn ọ̀nà tóóró nínú, tí omi ń gbà láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Bí ayùn bá la igi náà ní òòró, ó la àwọn ọ̀nà yìí sílẹ̀ bí ẹni la ọparun sí méjì, èyí tí ó kù lójú pákó a sì di kòtò. Igi kò dọ́gba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ihò ìrókò àti ti ọ̀gànwó tóbi tó èyí tí ojú lásán lè rí. Ti àwọn igi mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà kì í fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kun fáníìṣì lé ihò ìrókò láìdí i, fáníìṣì náà yóò rì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú igi yóò sì rí ṣákiṣàki nígbà tí oòrùn bá tàn sí i.

Bàbá po ìyẹ̀fun funfun tí àwọn akunlé ń lò mọ́ àwọ̀ pupa díẹ̀ àti ohun tí yóò mú un lẹ̀, ó ki bí ògì. Wọ́n fi àkísà fi í pa pákó, wọ́n sì ń fi agbára fa àkísà náà ní ìbú, kì í ṣe ní òòró, nítorí pé ẹni tí ó bá fà á bí iṣan igi ṣe lọ yóò tún fa ohun tí ó tì wọ inú ihò jáde. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n fi àkísà àpò kòkó nu èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò lójú igi. Ó di ọjọ́ kejì kí sáńpépà tó tún kàn án. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọ̀ ohun tí wọ́n pò dúdú ju ti igi lọ díẹ̀. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ìrókò tuntun a máa pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọ́ di dúdú. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ òní dí i, bí ó bá pẹ́ títí, gbogbo ihò náà yóò yọ funfun bíi làpálàpá.

Ìrókò fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ nípa igi ti ṣàlàyé pé bí igi bá ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dí àwọn ọ̀nà omi àtijọ́ tí ó wà ní àárín wọn, tí wọn kò lò mọ́. Ti ìrókò tún wá yàtọ̀. Ó a máa kó òkúta sínú ara rẹ̀, pàápàá níbi tí ó bá ti gba ọgbẹ́, kálísíọ̀mù kábónéètì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òkúta náà. Ohun kan náà ni ìyẹ̀fun funfun tí bàbá ń pò. Ìyẹn ni pé kí káfíńtà tó dé ni igi ti ń fi ẹfun dí ihò ara rẹ̀. Ojú kò lè rí òkúta yìí láti ìta. Àwọn tí ń la gẹdú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé eyín ayùn wọn ni ó ń san gbèsè ohun tí igi fi pa mọ́.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ dídán jẹ́ ohun tí òyìnbó kó wá, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa láyé àtijọ́ pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Wọn a lé ọ̀nà, wọn a tún un lé, wọn a mú un dán, kí wọ́n tó fín in. Ewé ìpín, tí ara rẹ̀ le bí ahọ́n ológbò, wà ní ilẹ̀ yìí kí sáńpépà tó dé. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1973 nípa bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe lámèyítọ́ ère, dídán wà lára ohun tí ó ní àwọn tí òun bá sọ̀rọ̀ ń yìn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, tí ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Mo máa ń rántí ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí mo bá ń ronú lórí tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àfiwé náà kò tọ́ rárá.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ ń mú igi dán nípa yíyọ kúrò. Ohun tí kò dára ni ó ń gé sọnù, títí yóò fi ku èyí tí ó fẹ́. Ẹni tí ń dí ihò ń fi kún un ni. Àwọn òyìnbó ti ń ṣe èyí tipẹ́. Thomas Sheraton, aṣàga ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ iṣẹ́ àga tí ó tẹ̀ jáde ní 1803 pé ìyẹ̀ bíríkì tí a jọ̀ kúnná ni kí a fi òróró pò láti fi fa ojú ọ̀gànwó. Bí fífi kún nǹkan bá sì ti dé, ìfura kì í pẹ́ dé. Àwọn kan ń pa ìtàn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe olóòótọ́ ọkàn, sincere, ti inú èdè Látìn wá, pé “láìsí ìda” ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn agbẹ́kùúta ayé ijọ́un a máa fi ìda dí ibi tí ó bá kán lára ère. Àwọn onímọ̀ èdè kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wáyé, èmi náà kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó hun ìtàn náà mọ ohun tí ń dun àwọn tí ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni bàbá káfíńtà pè mí. “Tíṣà, ẹ wá wò ó.” Pákó kẹta ni. Ìfági ti ṣí ojú ihò kan tí ó tó orí ìka ọwọ́. Wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, wáyà náà sì wọlé ju bí mo ti rò lọ. Kòkòrò ajẹgi ti gba ibẹ̀ kọjá, ó ti kúrò, ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ní ọ̀nà méjì ni ó wà. Wọ́n lè dúró de pákó mìíràn tí ó gbẹ, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n sì lè dí i.

“Bí mo bá dí i, ojú kò ní rí i. Ó tilẹ̀ lè pẹ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àmọ́ n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún un bí mo ti lè ṣe fún méjì yòókù.”

Mo ro ti káàdì ìpè, mo ro ti ọjọ́ tí a ti dá. Mo ní kí wọ́n dí i.

Bàbá kò tíì gbé ọwọ́ lé e. “Ṣé ẹ ó sọ fún àwọn ará ilé?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A gbé ilẹ̀kùn náà lọ, a fi í kọ́, ó dán gbinrin. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn àlejò ń fi ọwọ́ pa á lára kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sunkún, wọ́n ní ìyá wa ti rí ilẹ̀kùn gidi gbà jáde láyé. N kò sọ nǹkan kan. Ọdún kẹta nìyí.

Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà ni pé ohun kan náà ni wọ́n fi dí ihò méjèèjì, ọwọ́ kan náà, ọ̀sán kan náà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù ú. Kí ló dé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí igi fi ń mumi kò fi dà mí láàmú, tí ihò kan ṣoṣo yìí sì wà lára mi bí ẹ̀gún?

Èsì tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé àdámọ́ igi ni ti àkọ́kọ́, àlèébù sì ni èkejì. Èsì yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí káfíńtà bá kan ìṣó, tí ó ri orí rẹ̀ wọlé, tí ó sì dí ojú ibẹ̀, ihò ìṣó kì í ṣe àdámọ́ igi, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pè é ní èké. Mo tún rò pé bóyá ọ̀rọ̀ agbára ni, pé ihò kékeré kò dín agbára igi kù, ihò kòkòrò sì dín in kù. Ṣùgbọ́n ká ní ilẹ̀kùn náà dúró fún àádọ́ta ọdún láìmì, ṣé ohun tí mo ṣe yóò wá di òtítọ́ nítorí ìyẹn? Oríire ni yóò jẹ́ fún mi. Oríire kì í sọ irọ́ di nǹkan mìíràn.

Mo wá rí i pé ohun tí a fi dí ihò kọ́ ni kí n máa wò, ẹni tí yóò gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ìrókò tí ó ń dán bíi dígí mọ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí i lára. Kò gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ti inú igbó wá. Dídán náà kò pa irọ́ kankan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbà pé pákó mẹ́ta tí ó pé pérépéré ni owó àwọn rà, èmi sì mọ̀ pé méjì ni ó pé. Bí mo bá ti sọ fún wọn ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ní kí a dí i. Ọjọ́ ìsìnkú ń lé gbogbo wa bákan náà. Ìyẹn gan-an ni ó burú nínú rẹ̀. N kò jèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn àfi pé mo gba ìpinnu tí ó tọ́ sí wọn, mo fi pamọ́ sí àpò ara mi.

Bàbá káfíńtà ní tiwọn kò jẹ̀bi. Wọ́n fi ihò han ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá, wọ́n sì béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ni òtítọ́ náà ti kúrò lọ́rùn wọn, tí ó bọ́ sí tèmi. Èmi ni mo dà bí alárenà láàárín káfíńtà àti ilé wa, alárenà náà sì ya odi.

Mo mẹ́nu ba alárenà nítorí pé àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. Wọn yóò ní àṣà wa gan-an fẹ́ràn ìbòmọ́lẹ̀, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, pé ọmọlúàbí a máa bá ẹni tí ó bá a jà lánàá pàdé lónìí kí ó sì kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìkíni bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Wọ́n jọ dí ojú rẹ̀ kí ọjà má baà dàrú ni. Èmi náà ni mo kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ìyá wa tí a pín fún àwọn àlejò lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo dí ihò níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò kọ ọ́ pé ìyá le, pé wọn kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ó wà níbẹ̀ tí kò mọ̀? Àwọn tí wọ́n kà á ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń wo ojú ara wọn.

Àwọn baba wa tí wọ́n ń bo nǹkan náà ni wọ́n dá ìwádìí sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Wọ́n mọ̀ pé ẹbí kọ̀ọ̀kan yóò fi fáníìṣì kun ojú tirẹ̀, nítorí náà wọ́n rán ènìyàn lọ láti ki wáyà bọ inú igi. Lóde òní, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ọkùnrin àti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé AS ni òun, tí ó sì sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé AA ni, kò lè sọ pé ìtìjú ni òun fi bo ara. Ọmọ tí kò tíì dé ayé ni eyín ayùn rẹ̀ yóò ṣẹ́ sí lára. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kì í ṣe ọmọ, n kò sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún tó kọjá, ohùn mi kò jáde dáadáa.

Ní oṣù tí ó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Wọ́n ń kọ́ ilé sí Oǹdó, ó ti dé orí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ti irin tí gbogbo ayé ń rà. Irú ti ìyá wa gan-an ni àwọn fẹ́, kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà Ọ̀wẹnà. A ti dá Sátidé. Bàbá náà ti darúgbó gan-an báyìí, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, mo sì mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n bá ti rí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé orí afárá Ọ̀wẹnà kò jìnnà rárá. Bí mo bá máa rí ọ̀rọ̀ náà sọ tán kí a tó débẹ̀, àfi kí n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a tó jáde kúrò nígboro.